Àwo orin «Inhuman Rampage» tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: báwo ni a ṣe lè jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ohun tí àwa ń gbọ́ nínú rẹ̀?

Agbọ́rinsùn kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ yìí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín. Àwo orin kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi, òun ni «Inhuman Rampage», tí DragonForce, ẹgbẹ́ olórin metal (orin gìtá oníná tó wúwo, tó sì ń pariwo) ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní ọdún 2006. Ìgbàkígbà tí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Àwọn kan ní orin géèmù ni, àwọn kan ní ẹ̀rọ ni wọ́n fi tì í sáré, àwọn mìíràn sì ní ayọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún àgbàlagbà tó ní làákàyè. Èmi kò mọ bí mo ṣe lè fi ẹnu sọ ohun tí àwo náà ń ṣe fún mi. Mo kàn mọ̀ pé bí ó ti wù kí ọjọ́ náà wúwo tó, bí mo bá gbọ́ ọ tán, ara mi á fúyẹ́, orí mi á sì yá sí iṣẹ́ tó kù nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò gbọ́ irú orin yìí rí, ti gbà láti fún mi ní àǹfààní kan ṣoṣo kí n fi gbọ́ ọ sí òun létí. Orin wo ni kí n kọ́kọ́ fi ṣí i? Kí ni kí n sọ fún un ṣáájú, kí ni kí n sì fi sílẹ̀ láìsọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i dáadáa.

Abẹ́sẹ̀lùlù fèsì pé:

Agbọ́rinsùn, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ohun kan tí màá bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe fi ìyára polówó àwo yìí fún ẹ̀gbọ́n yín. Ìyára ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ìyára náà ni wọ́n sì fi ń bú u, bẹ́ẹ̀ ìyára kọ́ ni ó ń gbé ọkàn sókè nínú rẹ̀. Onílù ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ láti ìdí ìlù wá.

Orin àkọ́kọ́ inú àwo náà, «Through the Fire and Flames», ń sáré ní nǹkan bí ìlù 200 nínú ìṣẹ́jú kan. Bí onílù bá wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ìlù ńlá nígbà mẹ́rin láàárín ìlù kan sí èkejì, a jẹ́ pé 800 ni ó ń lù nínú ìṣẹ́jú kan, èyí tó lé ní 13 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kò sí etí tó lè máa ka iye yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlù bá ti yára dé ibẹ̀, kì í ṣe ìlù tí à ń kà mọ́. Ó ti di ilẹ̀ tí gbogbo nǹkan yòókù dúró lé lórí. Ẹni tó bá ń gbìyànjú láti tẹ̀ lé ẹsẹ̀ Dave Mackintosh, ẹni tó lu ìlù nínú àwo náà, kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́, yóò sì sọ pé ariwo lásán ni, kò sì ní jẹ̀bi.

Ohùn akọrin ni kí ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín tẹ̀ lé. ZP Theart, ọmọ bíbí Gúúsù Áfíríkà tó kọrin nínú àwo náà, kò bá wọn sáré rárá. Bí ìlù àti gìtá ṣe ń sá eré àsápajúdé nísàlẹ̀, ńṣe ni òun ń fa ohùn rẹ̀ gùn lókè, tí ó ń mú ọ̀rọ̀ kan lọ títí kí ó tó gbé òmíràn, pàápàá bí wọ́n bá dé ègbè orin. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín eré ìsàlẹ̀ àti ìfarabalẹ̀ òkè yẹn ni ó ń mú orí ẹni wú. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ ń sáré, yóò dẹ́rù bani. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ ń rìn jẹ́jẹ́, yóò di orin tí a ń fi rẹ ọmọ sùn. Ẹ ní kí ó máa fi ìka kan tábìlì bí ohùn akọrin ṣe ń lọ nìkan, kí ó gbàgbé gìtá pátápátá. Yóò yà á lẹ́nu pé ìka òun kò sáré.

Màmá Olóhùn Òkè fèsì pé:

Agbọ́rinsùn ọmọ mi, o kú ìfaradà. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín ọ kò bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí DragonForce. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ olórin Helloween, àwọn ará Hamburg ní Jámánì, ti gbé apá kìíní àwo «Keeper of the Seven Keys» jáde ní ọdún 1987, tí apá kejì sì tẹ̀ lé e ní 1988, ni àwọn kan ti ń fi orin power metal, ẹ̀ka orin metal tó yára tó sì ń gbé ọkàn sókè, ṣẹ̀sín pé orin ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Láàárín àwọn tó ń gbọ́ orin metal, ìbínú àti òkùnkùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àmì pé olórin mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá gbé ìdùnnú wọ àárín wọn, ọmọdé ni wọ́n máa ń pè é, pàápàá bí ó bá tún fi idà, dírágónì àti oòrùn tó ń yọ kún ọ̀rọ̀ orin rẹ̀.

Ohun tí àwọn ẹlẹ́yà kì í sọ ni pé àwọn ọmọ DragonForce wọ̀nyí mọ òkùnkùn náà dáadáa. Kí àwọn onígìtá wọn méjèèjì, Herman Li, tí wọ́n bí ní Hong Kong, àti Sam Totman, tó dàgbà ní New Zealand, tó dá DragonForce sílẹ̀ ní ọdún 1999, inú ẹgbẹ́ Demoniac ni wọ́n wà, ẹgbẹ́ tó ń kọ irú orin metal tó dúdú jù lọ. Orúkọ mìíràn, DragonHeart, ni wọ́n kọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ tuntun wọn kí wọ́n tó yí i padà. Nítorí náà, a kò lè sọ pé àìmọ̀kan ni wọ́n fi ń yọ̀. Wọ́n ti dé ibi tí àwọn yòókù ń gbé, wọ́n wò ó yíká, wọ́n sì yàn láti lọ síbòmíràn.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí o ṣàkíyèsí, ọ̀rọ̀ inú àwo náà kò dùn rárá. Lọ kà á ní ìdákẹ́jẹ́ láìsí orin, ìwọ náà yóò rí i. Ọ̀nà tó jìn tí kò lópin ni ó kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀mí tó ṣòfò, ìrora ìgbà tó ti kọjá, àti àwọn tó ń dúró de ọjọ́ tí kò tíì mọ́. Kódà ègbè orin àkọ́kọ́ yẹn, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ohùn tí àwọn olórin Yúróòpù sábà máa ń lò fún orin ìbànújẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi gìtá kan ṣoṣo ta ohùn orin náà ní ìdajì ìdajì eré rẹ̀, orin arò ni etí rẹ yóò gbọ́. Lójú tèmi, ibi tí ìwúrí àwo náà ti ń wá nìyẹn: kò sọ fún ọ pé nǹkan dára. Ó gbà pé nǹkan bàjẹ́, ó sì ń sáré lọ síwájú síbẹ̀, pẹ̀lú ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gbe ègbè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ nínú wàhálà kò ní rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, bí orin tó kàn ń pàṣẹ ayọ̀ ṣe máa ń jẹ́ kí ó rí.

Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá béèrè ohun tí orin náà dá lé lórí, má ṣe dáhùn pé ó dá lórí dírágónì. Sọ fún un pé ó dá lórí ẹni tó pàdánù, tí kò sì jókòó.

Sùúrù-Ò-Tó fèsì pé:

Mo kí Màmá, mo sì gbà pẹ̀lú wọn dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró níhà kejì díẹ̀, nítorí pé ìyìn tí kò ní ìdíwọ̀n ni ó máa ń bí ẹ̀rín sí i. Àwo náà kò tó ìṣẹ́jú 60, ṣùgbọ́n orin mẹ́jọ péré ló wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orin kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà máa ń wọ ara wọn. Iná, ìjì, ọ̀run àti ayérayé ni wọ́n ń pè ní àpètúnpè. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́, ẹ má sì bá a jà. Ẹ gbà fún un, kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti gbọ́ ègbè orin kan já.

Ní ti ẹ̀sùn pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi tì í sáré, ọ̀nà méjì ni ó pín sí, ó sì yẹ kí a má pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé wọn kò lè ta orin náà gan-an. Èyí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé Herman Li ti ta apá tó le jù níbẹ̀ lójú àwọn ènìyàn lọ́pọ̀ ìgbà, lórí ìtàgé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ènìyàn sì lè máa wo ìka rẹ̀. Èkejì ni pé eré wọn lórí ìtàgé ní àwọn ọdún yẹn kì í fi gbogbo ìgbà dára. Òótọ́ ni èyí. Fídíò eré kan tí wọ́n ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 2006 ṣì ń lọ káàkiri títí di òní, kò sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àwo ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Ohun tí wọ́n ṣe nílé ìgbohùnsílẹ̀, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì tò pọ̀ títí ó fi gún, iṣẹ́ ni. Eré burúkú kan lábẹ́ oòrùn kò lè yí ohun tó wà nínú àwo padà.

Ẹ tún rántí pé géèmù Guitar Hero III, níbi tí ènìyàn ti ń tẹ bọ́tìnì tẹ̀ lé orin, tó jáde ní ọdún 2007, ni ó gbé orin àkọ́kọ́ náà dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Níbẹ̀, ìdánwò tó le ju gbogbo rẹ̀ lọ ni wọ́n fi orin náà ṣe, èyí tí ènìyàn ń bá pàdé lẹ́yìn tó bá ti parí géèmù. Àwọn tó ń tẹ bọ́tìnì títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n kò ráyè gbọ́ orin. Ìdààmú ọwọ́ ni wọ́n rántí, òun ni wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹni tí kò ta géèmù yẹn rí, bí ẹ̀gbọ́n yín, ṣàǹfààní jù wọ́n lọ.

Etí-Tó-Mọ́ fèsì pé:

Ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán àfi ohun tí a ó fi gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi sípíkà fóònù gbọ́ àwo yìí fún ẹnikẹ́ni. Gìtá méjì, kíbọ́ọ̀dù, ìlù àti ọ̀pọ̀ ohùn ni wọ́n tò sórí ara wọn, tí gbogbo rẹ̀ sì ń dún lákòókò kan náà pẹ̀lú agbára. Sípíkà kékeré kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ tí Abẹ́sẹ̀lùlù sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn á pòórá. Ohun tó máa ṣẹ́kù ni ìpariwo awo bàbà ìlù àti gìtá tó ń kùn bí kòkòrò, ẹni tó bá sì gbọ́ èyí nìkan ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́rìn-ín. Íápíìsì tó bo etí dáadáa tàbí sípíkà ńlá tó wà nínú yàrá tó parọ́rọ́ ni ó yẹ.

Ẹ má sì yí i sókè jù. Irú orin báyìí kì í ní ibi tó ti ń sinmi, nítorí náà etí kì í rí àyè mí. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí àgbàlagbà má ṣe kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ní ìwọ̀n ohùn 80 decibel, bí ohùn bá sì ṣe ń ròkè sí i ni wákàtí náà ń dínkù kíákíá. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹnìkejì tó gbọ́ yín, ó ti pọ̀ jù.

Eléré-Òwúrọ̀ fèsì pé:

Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń fi àwo yìí sáré ní òwúrọ̀, agbára ni ó ń fún mi. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín fi sáré.

Abẹ́sẹ̀lùlù fèsì pé:

Eléré-Òwúrọ̀, ẹ kú eré o. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun máa bá ìlù lọ kò ní gbádùn rẹ̀. Ìgbésẹ̀ bíi 160 sí 180 nínú ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré máa ń gbé. Ìlù 200 ti yára jù fún wọn, ìdajì rẹ̀, 100, sì jẹ́ ti ẹni tó ń rìn. Ìrìn kíákíá, iṣẹ́ ilé, àti àkókò tí ènìyàn ń múra sílẹ̀ kó tó jáde ni mo rí i pé ó bá mu jù lọ. Ti eré sísá yẹn, ẹ̀mí rẹ̀ ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Agbọ́rinsùn kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì ló kù lọ́kàn mi. Ó ní àwọn ibì kan tí gìtá ti ń ké bí ẹranko tàbí bí géèmù ayé àtijọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi yóò bú sẹ́rìn-ín bí ó bá dé ibẹ̀. Ṣé kí n fò ó ni? Èkejì, a kò tíì fẹnu kò lórí orin tí n óò kọ́kọ́ fi ṣí i.

Màmá Olóhùn Òkè fèsì pé:

Má ṣe fò ó o. Jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Herman Li máa ń mú kí gìtá rẹ̀ ké bí erin, ó sì máa ń mú kí ó dún bí Pac-Man, géèmù ayé àtijọ́ náà, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń retí rẹ̀. Orin inú géèmù wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà sọ fúnra wọn pé ó ní ipa lórí àwọn. Ẹni tó bá ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé wọ́n dún bí géèmù, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ara wọn ni ó ń sọ fún wọn. Ohun tí ó ṣòro fún àwọn ẹlẹ́yà láti gbà ni pé olórin lè ṣe àwàdà ní apá kan orin, kí ó sì sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ ní apá kejì, láìjẹ́ pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá rẹ́rìn-ín sí igbe erin, tí ègbè sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù.

Ní ti orin àkọ́kọ́, èmi yóò fi «Trail of Broken Hearts» ṣí i. Òun ni ó kẹ́yìn nínú àwo náà, òun nìkan ni ó sì ń rìn jẹ́jẹ́. Yóò gbọ́ ohùn Theart láìsí ìjì lábẹ́ rẹ̀, yóò sì mọ ohun tí òun yóò máa wá bí ìjì náà bá dé.

Sùúrù-Ò-Tó fèsì pé:

Mo tako Màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ẹ bá fi orin jẹ́jẹ́ ṣí i, yóò rò pé àwọn olórin ìfẹ́ lásán ni wọ́n, ẹ ó sì ti jẹ àǹfààní kan ṣoṣo tí ó fún yín tán. «Through the Fire and Flames» gan-an ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n ẹ lo ẹ̀yà kúkúrú tí wọ́n gé fún fídíò, tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Odindi rẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú méje, ibi tí gìtá méjèèjì ti ń dá ta sì gùn nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè sọnù síbẹ̀. Ẹ̀yà kúkúrú náà gbé ègbè sún mọ́ ara wọn, ègbè ni ẹ sì ń tà fún un.

Tí ó bá sọ pé òun fẹ́ gbọ́ sí i, nígbà náà ni kí ẹ lo èyí tí Màmá sọ, kí ẹ sì padà wá sí orin kejì, «Revolution Deathsquad». Mẹ́ta yẹn tó fún ìjókòó kan. Ẹ má fún un ní àwo náà lódindi títí yóò fi béèrè fúnra rẹ̀.

Abẹ́sẹ̀lùlù fèsì pé:

Lórí èyí, ẹ̀yìn Sùúrù-Ò-Tó ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wù mí láti gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí màá yí padà ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kìíní. Ohùn nìkan ni kí ó gbọ́, nítorí pé bí ojú bá ti rí ìka tó ń sáré lórí gìtá, ìka náà ni yóò máa wò.

Bí ó bá wá béèrè àwo mìíràn lẹ́yìn èyí, «Sonic Firestorm» ti ọdún 2004 ni kí ẹ mú fún un. Àwọn kan náà ni wọ́n ṣe é, eré inú rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n àyè wà nínú rẹ̀ díẹ̀ sí i. «Ultra Beatdown» ti ọdún 2008 ni kí ó tẹ̀ lé e. Orin kan láti inú rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n yàn láti díje fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy fún orin metal ní ọdún 2009. Wọn kò gba àmì-ẹ̀yẹ náà, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ìyẹn pa ẹnu àwọn tó ní kò sẹ́ni tó ka irú orin yìí sí. Bí ohùn akọrin bá jẹ́ ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju gìtá lọ, ẹ mú un padà sí Helloween ti ọdún 1988 tí Màmá dárúkọ. Michael Kiske ni ó kọrin níbẹ̀, kò sì ní nílò àlàyé kankan lẹ́nu yín.